Orúkọ Tí Màmá Mi Ń Fò Nínú Rẹ́jísítà

Bí mo bá ti dijú lọ́sàn-án ní ìlú yìí, rẹ́jísítà ni mo máa ń gbọ́. Ohùn màmá mi ni, ohùn tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin. Kúdírátù. Mùínátù. Ràṣídátù àkọ́kọ́. Ràṣídátù kejì. Àwa náà á máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà!" Ariwo ewúrẹ́ á máa wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ṣọ́ọ̀kì á máa fò nínú oòrùn. Nígbà tí mo bá wá lajú, ògiri funfun ni màá rí, àti fèrèsé tí ìkùukùu òkun ti bò pátápátá, màá sì rántí pé kò sí ẹni tó tíì pe orúkọ mi láti àárọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè orúkọ náà. Ọjọ́ kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gé e sí méjì, wọ́n da ìdajì nù, ìdajì tó kù ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n ní kó lè rọ̀ wọ́n lẹ́nu ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Irọ́ ni mo pa, ó burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí òtútù ń gún dé egungun, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo, ṣé orúkọ ló máa torí ẹ̀ jà?

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ gan-an ni wọ́n ń tà níbi iṣẹ́ náà. Ẹ máa rò pé mò ń ṣàwàdà. Wàlláhì, orúkọ ni. Ife tíì ni wọ́n ń ṣe, ife kéékèèké fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á tẹ orúkọ ọmọ sí i lára, wọ́n á kó o sí páálí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìwé tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́, kí n máa ṣa ife láti orí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orúkọ a máa wà lóde bí aṣọ ṣe ń wà lóde, a sì máa kúrò lóde. Àwọn ará ìlú ńlá tó wà ní gúúsù kì í béèrè ohun tí àwa ará etí òkun lókè níbí ń béèrè. Orúkọ tí gbogbo ọmọ ń jẹ́ lọ́hùn-ún, páálí kan rẹ̀ lè má tán lọ́dún kan lọ́dọ̀ wa. Mùhámádù wà níbẹ̀ o! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lára ife, mo gbé e dání títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mi ò mọ ìgbà tí inú mi dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ ẹkún náà ni mò ń sun.

Obìnrin àgbà kan ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ́dínà ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kọ̀ kò fẹ̀yìn tì, torí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé sì dá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú mi lọ sẹ́yìn, síbi pẹpẹ kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí eruku ti bo àwọn ife orí rẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí kò tà mọ́," ó ní. "Tó bá di ìparí ọdún, a ó fọ́ wọn. Èmi náà wà lórí pẹpẹ yìí rí."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ẹ́dínà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwa mẹ́ta là ń jẹ́ ẹ ní òpópónà kan ṣoṣo. Ìwọ, níbo lo ti rí ọmọ ọwọ́ tó ń jẹ́ Ẹ́dínà?"

Mi ò rí i rí lóòótọ́. Ó wá nawọ́ sókè, sí àwọn orúkọ tó ń tà jù. Ó ní púpọ̀ nínú wọn, orúkọ àwọn ìyá àgbà òun ni. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi wọ́n sọ ọmọ, wọ́n á ní orúkọ arúgbó ni. Ìgbà tí gbogbo àwọn arúgbó náà kú tán, tí kò ku ẹnìkan tó rántí ojú wọn, ni àwọn ọ̀dọ́ wá hú orúkọ wọn jáde nínú ìwé, wọ́n ní ó mà dùn o.

"Nítorí náà èmi náà ní láti kú ná," ni Ẹ́dínà wí, ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, mo bẹ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, a tẹ Ẹ́dínà sí ara ife aláwọ̀ búlúù kan. Kò fi mu tíì láé. Ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ló gbé e sí, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Òun náà wá bi mí ní orúkọ mi lódindi, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ ọ, ó ń kùn ún sẹ́nu bó ṣe ń di páálí. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ ó pè mí, ó pè é pé pérépéré. Ẹ wò ó, ọjọ́ yẹn mo rìn délé nínú òjò, mi ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

Bí mo bá ti ń ṣa ife báyìí, ọkàn mi á rìn lọ sílé. Màmá mi fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pe rẹ́jísítà kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ gbogbo Gàmbàrí ló ti gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Àsímáù, Mọ́ríámọ̀ àti Sẹ̀líátù ló kún kíláàsì. Nígbà tiwa, Ràṣídátù ni. Mẹ́rin ni wọ́n ní kíláàsì wa, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í jà lórí ẹni tí tíṣà ń pè. Ẹ lọ sí Tanke lónìí, níbi tí màmá mi ń gbé báyìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti kẹ̀kẹ́ tí kì í dákẹ́, kí ẹ pe Ràṣídátù láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré: ìyá wọn ló máa dáhùn. Àlíyà ni àwọn ọmọ ń jẹ́. Fárídà. Ìnáyà. Àwọn orúkọ tó fúyẹ́, tó dára láti kọ sábẹ́ fọ́tò lórí fóònù.

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé òpópónà kejì sí wa níbí, ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. "Ta ló tún ń sọ ọmọ ní Bọ́sẹ̀?" ó bi mí. "Ọmọ mi méjèèjì, Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, ó sì gùn débi pé tíṣà wọn kì í pè é parí."

Níbí, orúkọ lè sùn kó tún jí, torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ Ìyá Àgbà ńkọ́? Ìyẹn ni mo máa ń rò tí ọwọ́ mi á fi dúró lórí ife.

Ìyá Àgbà ni ìyá bàbá mi. Yàrá rẹ̀ ni mo gbé dàgbà nínú agboolé wa ní Gàmbàrí, torí màmá mi ń jáde lọ síṣẹ́ ní kùtùkùtù. Mo mọ bútà tó fi ń ṣe àlùwàlá. Mo mọ ìró kẹ̀kẹ́ òwú tó ń ká fún àwọn ahunṣọ. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń tutù, tó máa ń fi kàn mí lábẹ́ aṣọ ìbora kí n lè ké. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ta ló máa pè é tí màá fi gbọ́? Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Sáká, torí Sáká ni bàbá mi. Àwọn ìyálé tó bá nínú ilé pè é ní Ìyàwó títí wọ́n fi kú. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí màmá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọn ò jẹ́ pe orúkọ ìyá ọkọ wọn láéláé, Ìyá ni wọ́n ń pè é. Àwa ọmọ ní Ìyá Àgbà. Odidi ènìyàn! Gbogbo wa ń pè é láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ níbí, ó di ọwọ́ mi mú. "Bí Ọlọ́hun bá fi obìnrin ta ọ́ lọ́rẹ lọ́hùn-ún," ó ní, "orúkọ mi ni kí o sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ mọ́."

"Màá ṣe é, Ìyá. Ín ṣá Àlláhù, màá ṣe é."

Mo ṣèlérí orúkọ tí mi ò mọ̀! Ṣé kí n wá bi í ni? Kí n wo ojú ẹni tó tọ́ mi dàgbà, kí n ní kí ni wọ́n ń pè yín? Ojú tì mí. Mo ní bàbá mi á sọ fún mi tó bá yá. Ní ọdún kejì tí mo dé ibí ni bàbá mi kú. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀, ní àkókò oúnjẹ níbi iṣẹ́. Àwòrán ń gbọ̀n, ohùn ń já. Mo rí aṣọ funfun, mo rí ẹsẹ̀ àwọn tó dúró, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo padà sídìí páálí.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó lóyún. Lúkúmánù ọkọ mi, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, ń fò sókè sódò. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé obìnrin ni, mi ò lè dúró kí n délé. Ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti pe màmá mi.

"Màmá, obìnrin ni o."

"Àlùhámúdùlílàhì!" Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. "Ọlọ́hun ṣeun. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀?"

"Mò ń wọ̀ ọ́, mà. Màmá, kí ni orúkọ Ìyá Àgbà?"

Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó kọjá níwájú ilé.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi sọ ọmọ. Mo ṣèlérí fún un."

"O ṣeun. O ṣeun, ọmọ mi. Inú Ìyá á dùn níbi tó wà."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi nígbà náà."

"Èmi? Orúkọ ìyá ọkọ mi? Kí n la ẹnu mi báyìí kí n pè é? Àbí òtútù ti wọ̀ ọ́ lórí?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mà. Ẹ kàn kọ ọ́."

"Kí ni ìyàtọ̀ kíkọ àti pípè?"

"Màmá! Tíṣà ni yín!"

"Ìyàwó ilé ni mí kí n tó di tíṣà," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Kì í ṣe ìgbà tó kú tán ni màá wá máa yájú sí i." Ó wá yí ohùn padà wẹ́rẹ́. "Gbọ́ ná, Àlíyà dára."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní ọmọ onílé wọn sọ ọmọ ní Hàmdálà. Ó ní òun bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá iwájú, wọ́n ní Ìnáyà ló wà lóde. Ó ní ẹnìkan sọ ọmọ ní orúkọ kan tí òun ò lè pè, ṣùgbọ́n ó dùn létí. Mo pe gbogbo ẹbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìyá Sáká ni òun mọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ṣé Ìyá Àgbà tún ní orúkọ mìíràn ni? Mo ní kí wọ́n bá mi dé abúlé tí wọ́n ti bí i, lápá oko Ìlọrin. Wọ́n dé ibẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, wọ́n ti gbin gbágùúdá sí ojú ilé wọn.

Mo bínú sí màmá mi, màá sọ òótọ́. Mo ní obìnrin yìí kàwé, ó lọ sí kọ́lẹ́jì, ó sì gbé orúkọ kan sẹ́nu tí kò fẹ́ tu ú sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi pè é. Bí mo bá ń rìn létí òkun nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ayé funfun, tí mi ò rí ibi tí omi parí sí, mo máa ń rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń pe ènìyàn lórúkọ láìwo ìwé ni ilé rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ilé fún Ìyá Àgbà mọ́ níbì kankan, àyàfi tí ọmọ inú mi bá gbà á sílé.

Ọmọ náà dé ṣáájú ìgbà tí a retí rẹ̀. Wọ́n so nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọsibítù, wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ "ọmọbìnrin" síbi tó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á ní, kí lorúkọ rẹ̀? Màá ní ó ń bọ̀.

"Súnà tí a ó sọ ọmọ lórúkọ ku ọjọ́ mẹ́ta," ni Lúkúmánù wí nígbà tí a délé, ó ń rọra sọ̀rọ̀. "Alfa máa béèrè o. Ṣé kí á kúkú sọ ọ́ ní Àlíyà?"

Mo wò ó. Ó ní òun ń lọ gbé omi kaná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bọ́sẹ̀ wá bá mi wẹ ọmọ, ó sì lọ. Ilé dákẹ́. Ọmọ ń mu ọmú, ìkùukùu ti gun ojú fèrèsé, oorun gbé mi lọ díẹ̀, kò gbé mi lọ tán. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe rẹ́jísítà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó nínú kíláàsì náà gan-an, mo ń rí inkì lọ́wọ́ mi. Àsímáù. "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà." Màmá mi wá gbójú sókè kúrò lórí ìwé, ó wo ẹni tó jókòó tì mí, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Arẹwà," ó ní.

Háà! Arẹwà! Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ọmọbìnrin kan tó ní èjí lẹ́nu ni, tí ìyá rẹ̀ ń ta ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní ọjà Ipata, tó máa ń fún mi ní ẹ̀pà láti inú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Gbogbo wa ni màmá mi ń pe lórúkọ, òun nìkan ló ń pè ní Arẹwà. Ẹ ò mọ bí mo ṣe jowú tó! Èmi ọmọ rẹ̀, orúkọ mi lásán ló ń pè. Ọmọ ọlọ́mọ, Arẹwà! Mo kọ oúnjẹ nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní kí ló dé tí ẹ kì í pe èmi náà ní Arẹwà? Màmá mi wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì tẹ orí ba, ó ń rẹ́rìn-ín sí òwú rẹ̀.

Tíṣà yòókù kì í pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Alfa ilé kéwú wa kì í pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn yẹn ń pè é dìde nínú mi díẹ̀díẹ̀, mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Alfa, lẹ́yìn náà mo gbọ́ orúkọ. Orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni màmá mi ń fò! Ọmọ tú ọmú sílẹ̀, ó ń wò mí.

Mo pe Ìlọrin, mo tan fídíò. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ rántí Arẹwà?"

"Arẹwà wo?"

"Kíláàsì kẹta. Ọmọ oníbàbà Ipata."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣé Àwáwù ni?"

Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ó ní, "mẹ́ta ni wọ́n ní kíláàsì mi. Odidi mẹ́ta! Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ mìíràn: Arẹwà, Ẹyinjú, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n di méjì. Nígbà tó tún ṣe, ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí i nínú rẹ́jísítà mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mo ní ìyọnu ti tán. Mi ò mọ̀ pé orúkọ Ìyá ló ń tán lọ lójú mi."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa wá a kiri láti bí oṣù mẹ́rin!"

"Dákẹ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tí Ìyá kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, Tíṣà, gbogbo àwọn tó ń pe orúkọ mi ló ti kú. Ó ní ìwọ tí o ti pe ọmọ gbogbo ìlú lórúkọ, pè mí lẹ́ẹ̀kan péré kí n gbọ́. Mo ní èèwọ̀, Ìyá, mi ò lè ṣe é. Ó bẹ̀ mí. Èmi náà kúnlẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí n ṣe é. Ó ní kò burú. Ó kọjú sí ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí kò mọ́ bá a." Ó nu ojú. "Ohun tí mi ò ṣe fún òun fúnra rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa wá sọ ọ́ lórí fóònù báyìí báyìí?"

Ìbínú oṣù mẹ́rin tán lára mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Mo gbé fóònù sún mọ́ ọmọ kí màmá mi lè rí i.

"Àwáwù ni màá sọ ọ́," mo ní. "Kí lẹ máa wá máa pè é?"

"Ìyá ni màá máa pè é. Kí ni mo tún fẹ́ pè é?"

"Kò tó, mà. Bí ẹ̀yin bá ń pè é ní Ìyá, tí bàbá rẹ̀ ń pè é ní béébì, tí àwọn ará ibí tún gé e sí méjì, ibi tí orúkọ náà lọ lẹ́ẹ̀kíní ló tún máa lọ. Ẹ dákun. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun tí Ìyá Àgbà béèrè náà nìyẹn."

"Jẹ́ kí n rò ó," ó ní, ó sì pa fóònù.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, yàrá wa kékeré kún. Alfa mọ́ṣáláṣí wa níbí wá. Bọ́sẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ẹ́dínà dé fìlà òjò sórí, ó sì gbé páálí kékeré kan dání. Mo ti kọ orúkọ náà ránṣẹ́ sí i, kò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Nígbà tí mo tú páálí náà, ife funfun kan ni, Àwáwù ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ara ife yẹn ni mo gbé fóònù tì, kí màmá mi lè máa wò wá.

Màmá mi ti múra. Bùbá léèsì àtijọ́ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìparí ọdún ilé-ìwé ló wọ̀, awò ojú rẹ̀ sì wà lójú. Alfa gbé ọmọ, ó pe ìrun sí i létí, ó gbàdúrà, ó sì pe orúkọ náà fún gbogbo ènìyàn gbọ́. A ṣe àmín. Gbogbo wa wá kọjú sí fóònù, torí ó kan ìyá àgbà ọmọ.

Màmá mi dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀. Kìkì gèlè rẹ̀ ni a ń rí.

Ẹ́dínà fẹnu sún mọ́ etí mi. Ó ní kí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

"Kò sí nǹkan tó já bọ́," mo ní. "Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń kí."

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," ni màmá mi ń wí látilẹ̀. "Ẹ kú àtidé. Ẹ forí jì mí."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún pẹ̀lú etí bùbá, ó dá a padà. Ó jókòó dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ohùn yẹn wá jáde, ohùn tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀, tí mo ti ń gbọ́ lójú oorun láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

"Àwáwù."

Màmá mi ń wo òkè awò ojú rẹ̀, ó ń dúró. Mo mọ ojú yẹn, ojú tó fi ń wá ẹni tí kò tíì dáhùn ni.

"Àwáwù!"

Mo gbé ọmọ mi sókè síwájú fóònù, ojú rẹ̀ ṣì dì, ó ń sùn.

"Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà," mo dáhùn.